Ọ́kíìdì tó ń sùn: ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìkòkò ẹ̀ àti bẹ́ ẹ ṣe máa bomi rin ín

Ìbéèrè kan náà làwọn tó ń gbin ọ́kíìdì (orchid), òdòdó inú ìkòkò yẹn, ń bi mí ṣáá: "Ewé ọ́kíìdì mi ti ń pọ́n, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé kí n fomi kún un ni àbí kí n pààrọ̀ ìkòkò ẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ṣe ló ń sùn, ìyẹn ni pé ó dáwọ́ ìdàgbà dúró fún ìgbà díẹ̀ kó lè sinmi. Ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì tó ń kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ìtọ́jú àṣejù ló ń pa á, wọ́n á máa da omi sí i nígbà tí kò lè mu ún, wọ́n á tún fà á tu kúrò nínú ìkòkò nígbà tí kò ní gbòǹgbò tuntun kankan tó máa fi di ibi tuntun mú.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí nǹkan kan ló dúró lé: gbòǹgbò ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo kàlẹ́ńdà. Níbi tí òtútù ti ń mú, ìgbà òtútù ni oorun yìí máa ń bọ́ sí, níbi tó jẹ́ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló wà, ó máa ń bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ nínú ilé tí iná mànàmáná ń tàn, tí ooru ò yí padà, ó lè ṣí kúrò níbi tẹ́ ẹ rò ó sí pátápátá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Kì í ṣe gbogbo ọ́kíìdì ló ń sùn, ibí yìí gan-an sì lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ mọ̀ pé tí mo bá sọ pé "ọ̀pá", igi tó wú tó ń jáde láti ìdí ẹ̀ ni mò ń sọ, ibẹ̀ ló ń tọ́jú omi àti oúnjẹ pamọ́ sí. Ti àwọn kan ga ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ti àwọn míì kúrú ó sì ki. Ìtàkùn kan tó ń rá lọ lórí èèpo igi tá a fi ń gbìn ín dípò iyẹ̀pẹ̀ ló so gbogbo ọ̀pá yẹn pọ̀.

- Àwọn tó ń sùn fọnfọn: Catasetum, Cycnoches, Mormodes, Clowesia, àti Calanthe onírú èyí tó ń wọ́wé. Gbogbo ewé wọn á pọ́n, á wọ́ dànù, á wá ku ọ̀pá lásán nínú ìkòkò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ti gbé e jù síta.
- Àwọn tó ń tòògbé: Dendrobium nobile àti àwọn tí wọ́n mú jáde látara ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ibi tí wọ́n wà tutù, kó sì gbẹ fún ìgbà díẹ̀, láìsí ìyẹn wọn ò ní yọ òdòdó. Cattleya àti Oncidium náà máa ń sinmi díẹ̀ tí ọ̀pá tuntun bá ti dàgbà tán tàbí lẹ́yìn òdòdó, àmọ́ ewé wọn kì í wọ́.
- Àwọn tí kì í sùn: Phalaenopsis, Paphiopedilum, Vanda. Wọn ò ní ọ̀pá tí wọ́n lè tọ́jú omi sí. Wọ́n lè rọra máa dàgbà nígbà òtútù, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ wá gba omi lẹ́nu wọn.

Phalaenopsis ló pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn, torí ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé ọ́kíìdì òun ń sùn, kò sùn o, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ tàbí gbòǹgbò ẹ̀ ti jẹrà. Tí orúkọ tó wà lára ìkòkò bá ti sọnù, ẹ wo ìdí ẹ̀. Tí kò bá ní ọ̀pá kankan, tó jẹ́ ewé nìkan ló to léra, ẹ má dán oorun wò fún un.

Dendrobium náà tún ní ọ̀fìn tirẹ̀. Èyí tí ọ̀pá ẹ̀ le gbọnyin, tó nàró, tí òdòdó ẹ̀ ń yọ láti orí òkè lọ́hùn-ún, ìyẹn kò fẹ́ òtútù rárá. Ẹ dín omi ẹ̀ kù díẹ̀ nígbà òtútù, ó tán. Èyí tí ọ̀pá ẹ̀ rọ̀ díẹ̀, tí òdòdó ń yọ lára ọ̀pá káàkiri láti òkè dé àárín, nobile nìyẹn, òun ló fẹ́ òtútù àti gbígbẹ.

Ṣé ó ń sùn ni àbí ó ń kú?

Tó bá ń sùn:

☐ Ewé tó ti pẹ́ ló ń kọ́kọ́ pọ́n, ó ń wá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè
☐ Ọ̀pá tuntun ti dàgbà tán, kò ga sí i mọ́
☐ Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ ọ̀pá, ó le, ó lè hunjọ díẹ̀ lára
☐ Kò rùn

Tó bá ń kú:

☐ Ewé tuntun ló ń pọ́n, tàbí ó ń dúdú láti àárín
☐ Ọ̀pá rọ̀ lábẹ́ ìka, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ omi á yọ
☐ Òórùn nǹkan tó ti rà ń jáde látinú ìkòkò

Tí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ yọ gbòǹgbò kan síta díẹ̀ kẹ́ ẹ fi ìka méjì fún un. Gbòǹgbò tó yè máa ń le, tó bá gbẹ á funfun bíi fàdákà, tẹ́ ẹ bá wá kán omi sí i, ẹ máa rí i tó ń yí padà sí àwọ̀ ewé lójú yín níbẹ̀. Èyí tó ti kú á tẹ́ pẹlẹbẹ, tẹ́ ẹ bá fà á, awọ ẹ̀ á bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, okùn tín-ín-rín inú ẹ̀ nìkan lá ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́. Tí ọ̀pọ̀ gbòǹgbò bá rí báyìí lára Phalaenopsis tàbí Cattleya, kì í ṣe oorun. Tó bá jẹ́ Catasetum tó ti wọ́wé ni, kò sóhun tó ṣe é, gbòǹgbò àtijọ́ ẹ̀ máa ń kú bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dín omi kù

Ẹ má kàn dá omi dúró lójijì lọ́jọ́ kan. Bó ṣe máa lọ nìyí:

1. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọ̀pá tuntun ti ki, tí kò ga sí i mọ́, ẹ dá ajílẹ̀ dúró. Ajílẹ̀ lẹ kọ́kọ́ máa dá dúró, omi ṣì ń lọ. Ti Dendrobium nobile tiẹ̀ tún ṣe pàtàkì jù, torí tí nitrogen inú ajílẹ̀ bá pọ̀ lára ẹ̀ wọnú ìgbà òtútù, ọmọ, ìyẹn ọ́kíìdì kékeré tuntun, ló máa bí sára ọ̀pá dípò òdòdó.
2. Ẹ wá fàyè sílẹ̀ láàárín omi kan sí òmíràn. Tẹ́ ẹ bá ń bomi rin ín lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin tẹ́lẹ̀, ẹ sún un sí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kó di ọjọ́ mẹ́wàá.
3. Tí ìdajì ewé bá ti pọ́n lára àwọn tó ń sùn fọnfọn, ẹ dín in kù sí ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
4. Tí ewé bá ti wọ́ tán, omi ti parí nìyẹn.
5. Ẹ gbé e kúrò níbi tí òjò tàbí omi òdòdó míì á ti máa ta sí i.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ pé inú ìkòkò ti gbẹ ni kẹ́ ẹ máa gbé ìkòkò náà sókè. Ẹ gbé e lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ín, ẹ tún gbé e lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ yín á mọ ìwúwo ẹ̀ tó bá yá. Tó bá jẹ́ ìkòkò amọ̀ tó wúwo fúnra ẹ̀, ẹ ki igi tín-ín-rín kan bọ àárín èèpo igi, ẹ fi í síbẹ̀, ẹ fà á yọ kẹ́ ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá tutù, ẹ fi omi sílẹ̀.

Nígbà tó ń sùn lọ́wọ́

Catasetum àti ẹgbẹ́ ẹ̀: kò sí omi. Ẹ má fọ́n omi sí i, ẹ má sọ pé "díẹ̀ báyìí kó fi tọ́ wò". Ọ̀pá ẹ̀ ló ń jẹ nísinsìnyí, oorun náà sì lè tó oṣù 2 sí 4. Kó wà níbi tí kò tutù ju 13°C lọ, ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Ó máa hunjọ díẹ̀, kò burú. Tó bá hunjọ gan-an tí ọ̀pá ẹ̀ wá rù kalẹ̀, ẹ fún un ní ìwọ̀nba omi lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún fi í sílẹ̀.

Dendrobium nobile: ibi tó mọ́lẹ̀ gan-an, tí alẹ́ ẹ̀ ń lọ sí bíi 10 sí 13°C, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwọ̀nba omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀pá má baà rọ pátápátá, kò sí ajílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú nìyí, wọ́n á rí kókó kékeré tó ń yọ lára ọ̀pá, inú wọn á dùn, wọ́n á da omi sí i ní rẹpẹtẹ, kókó yẹn á wá di ọmọ ewé dípò òdòdó. Ẹ dúró títí kó fi hàn gbangba pé òdòdó ni, kó ti yọ jáde dáadáa kó sì ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá omi padà díẹ̀díẹ̀.

Cattleya àti Oncidium: ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó tún bomi rin ín, kó má gbẹ pẹ́ jù. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ewé tuntun Oncidium ń ká kọ́rọkọ̀rọ, tó ṣẹ́ jọ, ẹ ti jẹ́ kó gbẹ jù nígbà tó ń dàgbà, ewé yẹn ò sì ní ná mọ́, àfi ti ọjọ́ iwájú.

Phalaenopsis: nígbà ooru, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń tó, nígbà òtútù ó lè di ọjọ́ 10 sí 14. Kò ní dáwọ́ dúró. Òtútù alẹ́ díẹ̀, bíi 15 sí 18°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ló ń jẹ́ kó yọ igi òdòdó, ẹ ò nílò láti fi òùngbẹ dá a lóró. Tí omi bá bọ́ sí àárín ewé ẹ̀ lókè, ẹ fi tíṣù fà á yọ lójú ẹsẹ̀, torí tí omi bá sùn síbẹ̀ mọ́jú nígbà òtútù, àárín yẹn á jẹrà, ibẹ̀ nìkan sì ni ewé tuntun ń gbà jáde.

Omi òjò ló dáa jù fún gbogbo wọn. Omi tí wọ́n fi iyọ̀ dín líle ẹ̀ kù nínú ẹ̀rọ ilé, ẹ má lò ó. Kí omi má tutù jù, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ sì máa bomi rin wọ́n kí ara wọn lè gbẹ kó tó dalẹ́. Ní ti yìnyín tí àwọn kan ń gbé lé orí Phalaenopsis, èmi ò rí ìdí ẹ̀, omi lásán ò ṣòroó wọ̀n.

Ìgbà wo gan-an lẹ máa pààrọ̀ ìkòkò?

Ìgbà tí gbòǹgbò tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọrí. Kì í ṣe ìgbà tó ń sùn, kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀ tí àyè bá gbà yín, kì í sì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á dé.

Ìdí ẹ̀ ni pé kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ọ́kíìdì kúrò nínú ìkòkò tí gbòǹgbò mélòó kan ò ní dá. Tó bá jẹ́ ìgbà tó jí ni, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ òmíràn á ti wọnú èèpo tuntun, á dì í mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í mumi. Tó bá jẹ́ ìgbà tó ń sùn, egbò yẹn á kàn wà níbẹ̀ nínú èèpo tútù, ibẹ̀ ni ìjẹrà máa gbà wọlé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìdí èéhù tuntun, níbi tó ti pàdé ìtàkùn. Ẹ máa rí àwọn kókó roboto kéékèèké tó ń ti ara wọn jáde, orí wọn ń dán, ó ní àwọ̀ ewé, ti àwọn míì á pupa díẹ̀. Gbòǹgbò nìyẹn. Bó ṣe wà ní kókó yẹn gan-an lẹ máa mú un. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó gùn tó 2 sí 5 cm, ó ti pẹ́ díẹ̀, torí orí ẹ̀ rọ̀ débi pé tí èèpo igi bá kàn fara gbún un báyìí ó ti dá, èyí tí orí ẹ̀ bá sì ti dá kì í sábà gùn mọ́, àfi kó yẹ̀ka tó bá yá. Tó bá ti kọjá kókó lára tiyín, ẹ fi í sílẹ̀ kó gùn tó bíi 10 cm tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó yẹ̀ka, kó le, kẹ́ ẹ wá rọra ṣe é.

Bó ṣe rí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

- Catasetum: ìparí oorun, tí èéhù ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ní bíi 2 cm, kí gbòǹgbò tó jáde. Òun ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn.
- Dendrobium nobile: lẹ́yìn òdòdó, tí èéhù tuntun bá ń ta gbòǹgbò. Ó fẹ́ràn ìkòkò tó há, ẹ má máa yọ ọ́ lẹ́nu lọ́dọọdún.
- Cattleya: gbòǹgbò, gbòǹgbò, gbòǹgbò. Pàápàá èyí tó ní ewé méjì lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ tiẹ̀ nígbà tí kò ní gbòǹgbò tuntun, ó lè má bá yín dọ́dún tó ń bọ̀.
- Oncidium: tí èéhù bá ti ga tó ìdajì ibi tó máa ga dé.
- Phalaenopsis: lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀ dànù, tí orí gbòǹgbò ẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé.
- Paphiopedilum: kò le koko, ẹ lè ṣe é lọ́dọọdún lẹ́yìn òdòdó.

Ẹ̀ẹ̀mélòó wá ni? Èèpo igi máa ń jẹrà láàárín ọdún 1 sí 2, mọ́ọ̀sì (ewéko rírọ̀ tó ń fa omi mu) ò sábà ju bí ọdún kan lọ. Tó bá ti rún, tó sì ṣù pọ̀, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè kọjá mọ́, gbòǹgbò á sì há sínú omi.

Ẹ kó àwọn nǹkan yìí sílẹ̀

☐ Ìkòkò tó ní ihò nídìí, kò gbọ́dọ̀ má ní ihò (èyí tó jẹ́ ike tó mọ́ gaara ni mo fẹ́ràn, ẹ ó máa rí gbòǹgbò látìta)
☐ Èèpo igi tuntun: wẹ́wẹ́ fún gbòǹgbò tín-ín-rín bíi ti Oncidium, èyí tó tó 1 sí 1.5 cm fún Cattleya àti Phalaenopsis
☐ Èédú díẹ̀ tàbí perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́) kẹ́ ẹ fi pò ó, mọ́ọ̀sì fún Catasetum
☐ Sísọ́ọ̀sì tàbí bíléèdì, àti iná
☐ Igi àti okùn tẹ́ ẹ máa fi dì í
☐ Gègé tí kì í parẹ́

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é

1. Ẹ rẹ èèpo igi sínú omi di ọjọ́ kejì. Èèpo gbígbẹ kì í gba omi, omi á kàn ṣàn kọjá lára ẹ̀ ni, ẹ ó máa rò pé ẹ ti bomi rin òdòdó.
2. Ẹ bomi rin ọ́kíìdì náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, gbòǹgbò tó bá ti mumi máa ń tẹ̀ láìdá. Catasetum nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe ní gbígbẹ.
3. Ẹ fi iná jó ẹnu bíléèdì kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ ṣe é láàárín ọ́kíìdì kan sí èkejì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lásán níbẹ̀rẹ̀. Sípíríìtì lè pa àwọn kòkòrò àrùn míì, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì ọ́kíìdì lágídí, kò sì ní oògùn tó bá ti wọlé.
4. Ẹ fún ara ìkòkò ike kó tú. Tó bá jẹ́ amọ̀ tí gbòǹgbò ti lẹ̀ mọ́, ẹ ki ọ̀bẹ pẹlẹbẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá kọ̀, ẹ fọ́ ìkòkò. Ìkòkò ṣeé rà.
5. Ẹ gbọn èèpo àtijọ́ kúrò, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣàn án. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò tó yè, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fà á tipátipá.
6. Ẹ gé gbòǹgbò tó ti rọ̀ tàbí tó ṣófo. Ti Catasetum, gbogbo gbòǹgbò àtijọ́ lẹ lè gé ku bíi 2 cm tó máa fi dúró.
7. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín in, kó má dín sí ọ̀pá 3 lára ìpín kọ̀ọ̀kan, 4 ṣàǹfààní jù. Ẹ má pín èyí tó ní ọ̀pá mẹ́rin péré torí pé ọ̀rẹ́ kan tọrọ.
8. Ẹ fi cinnamon lásán, èròjà oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná yẹn, ra ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé ìtàkùn. Ojú egbò nìkan! Ó ń gbẹ nǹkan, tẹ́ ẹ bá dà á sórí gbòǹgbò tó yè, á gbẹ òun náà.
9. Ẹ mú ìkòkò tó gba gbòǹgbò, tó sì ní àyè ìdàgbà ọdún méjì. Kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù, èèpo tí gbòǹgbò ò bá dé ibi tó wà á máa tutù lọ ní tiẹ̀ ni.
10. Ẹ gbé ọ̀pá tó dàgbà jù kan ògiri ìkòkò, kí èéhù tuntun dojú kọ àyè tó ṣófo. Phalaenopsis ni kẹ́ ẹ gbé sí àárín.
11. Ẹ máa tú èèpo sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi ìkòkò gbá tábìlì kó lè wọ àárín gbòǹgbò. Kí ìtàkùn wà lójú òkè, kẹ́ ẹ máa rí i. Tẹ́ ẹ bá rì í mọ́lẹ̀, ó máa rà.
12. Ẹ fi igi àti okùn dì í kó má mì. Ọ̀pọ̀ ń fo èyí, kò sì yẹ kẹ́ ẹ fò ó, torí gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá mì, orí gbòǹgbò tuntun ń ha èèpo igi lára, ó ń dá.
13. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é sára ìkòkò.

Omi lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀ tán

Ẹ gbé e síbi tí òjìji wà, kúrò lójú oòrùn gangan. Cattleya lè wà bẹ́ẹ̀ láìsí omi fún ọjọ́ 5 sí 7 kí egbò fi jinná, Phalaenopsis ọjọ́ 2 sí 3 péré. Tó bá dà bíi pé ara ewé ń rọ, ẹ fọ́n omi sí ewé láàárọ̀, ẹ fi inú ìkòkò sílẹ̀. Ajílẹ̀ dìgbà tí gbòǹgbò tuntun bá ń lọ dáadáa, tẹ́ ẹ bá sì máa bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára ike ẹ̀ ti tó. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ da omi lásán gba inú ìkòkò kọjá kó fọ iyọ̀ ajílẹ̀ dànù, ohun funfun tẹ́ ẹ ń rí létí ìkòkò yẹn, iyọ̀ ni.

Catasetum ló le jù níbí. Èéhù á ti yọ, á ti ga, ewé á ti là, ọwọ́ yín á sì máa yún yín láti bomi rin ín. Ẹ fara dà á. Ẹ má fomi kàn án títí gbòǹgbò tuntun yẹn fi gùn tó 8 sí 12 cm wọnú mọ́ọ̀sì. Èéhù yẹn ṣì ń mu lára ọ̀pá àtijọ́, kò nílò yín, tí omi bá sì sùn sí i nídìí kó tó ní gbòǹgbò, ó máa jẹrà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí gbòǹgbò bá dé, ẹ wá fún un lómi ní àfúnyó, pẹ̀lú ajílẹ̀, torí láàárín oṣù díẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe ìdàgbà ọdún kan. Ẹ máa yẹ abẹ́ ewé ẹ̀ wò nígbà yẹn, kòkòrò pupa kékeré tó ń ta òwú fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Gígé ọ̀pá àtijọ́ tí kò léwé dànù torí pé kò wu ojú. Oúnjẹ wà nínú ẹ̀. Ti Dendrobium nobile, ara ọ̀pá tí ewé ti já lára ẹ̀ yẹn gan-an ni òdòdó máa ń yọ sí.
- Gbígbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀. Gbòǹgbò àwọn tí mo dárúkọ yìí fẹ́ afẹ́fẹ́ bó ṣe fẹ́ omi. Calanthe nìkan ló gba nǹkan tó sún mọ́ iyẹ̀pẹ̀.
- Fífi ìkòkò sílẹ̀ nínú abọ́ tí omi dúró sí.
- Rírí ewé tó rọ̀ kẹ́ ẹ sì rò pé òùngbẹ ni. Gbòǹgbò tó jẹrà pẹ̀lú máa ń jẹ́ kí ewé rọ̀, torí kò sóhun tó ń fa omi sókè. Ẹ wo gbòǹgbò kẹ́ ẹ tó gbé omi.
- Fífi ajílẹ̀ sí gbòǹgbò tó gbẹ táútáú. Omi lásán kọ́kọ́, ajílẹ̀ tẹ̀ lé e.

Tí nǹkan ò bá lọ bó ṣe yẹ

*Ẹ ò rí èèpo igi.* Èédú tó ti fọ́ àti bọ́ọ̀lù amọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti sun níná lè ṣiṣẹ́, wọn kì í jẹrà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tètè gbẹ, ẹ máa bomi rin ín léraléra. Ẹ tún lè dì í mọ́ ara pákó pẹ̀lú mọ́ọ̀sì díẹ̀ lábẹ́ gbòǹgbò, Cattleya kékeré fẹ́ràn ìyẹn, àmọ́ nígbà ooru ó ń fẹ́ omi lójoojúmọ́, ẹni tó ń rìnrìn àjò kó má dán an wò.

*Ó jẹrà láàárín oorun.* Ìgbà yìí nìkan ni mo gbà kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án láìwo gbòǹgbò tuntun. Ẹ yọ ọ́, ẹ gé ibi tó ti rà títí dé ibi tó funfun tó mọ́, ẹ fi cinnamon ra á, ẹ jẹ́ kó gbẹ síta fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tó gbé e sínú nǹkan tuntun tó gbẹ.

*Ó ń yọ òdòdó lọ́wọ́, ìkòkò ẹ̀ sì ti bàjẹ́.* Tí gbòǹgbò bá ṣì yè, ẹ dúró kó yọ òdòdó tán. Tí gbòǹgbò ń kú, ẹ gé igi òdòdó, ẹ fi sínú omi lórí tábìlì, kẹ́ ẹ tọ́jú ọ́kíìdì fúnra ẹ̀.

*Ó bí ọmọ sára ọ̀pá.* Ẹ má já a. Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò ọmọ yẹn gùn tó 5 sí 7 cm, ẹ wá gé e pẹ̀lú bíléèdì tẹ́ ẹ ti jó níná, kẹ́ ẹ gbìn ín sínú mọ́ọ̀sì tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ nínú ìkòkò kékeré. Ọmọ kì í sùn lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ̀ bíi ti ìyá ẹ̀, ẹ má pa òùngbẹ mọ́ ọn.